Ibi Ìjókòó Lindquist

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2019. Góòlù mẹ́ta ni Teodor Osadchuk ní láti ìgbà tí eré ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tó ṣì ń gbá fún àwọn ọmọ abúlé wọn, góòlù mọ́kànléláàádọ́ta ló gbá wọlé. Ọmọ kan náà ni. Ọwọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ojú kan náà. Ó tilẹ̀ ti ga sí i, ó sì ti lágbára sí i. Bí ẹ bá bi àwọn ará Dunmarrow, ìlú wa, ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, wọn á ní ọmọ náà kò lọ́wọ́. Lẹ́nu àwọn tí ń gbá họ́kì orí yìnyín, ẹni tí kò lọ́wọ́ ni ẹni tó bá dé iwájú àwọ̀n tí ọ̀pá rẹ̀ di igi lásán. Wọ́n máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò sí nítòsí.

Ara ọmọ náà dá ṣáṣá. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọwọ́ náà lára rẹ̀.

Ilé wa ló ń gbé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìlú kéékèèké tó wà ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan: ọmọ tó bá ti oko jíjìnnà wá gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ ìlú, ìdílé kan á gbà á tọ́, á máa jẹ níbẹ̀, á máa sùn níbẹ̀, títí ìgbà òtútù á fi kọjá. Ìyá mi ti ń gba irú wọn tọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde ní yunifásítì ni, mi ò ríṣẹ́, mo padà wálé, mo sì ń din ọ̀dùnkún ní búkà inú gbọ̀ngàn yìnyín. Ojú wíńdò búkà náà kọ sí orí yìnyín gan-an. Ohun tí mi ò bá fojú rí, àwọn tó tò fún kọfí á sọ ọ́ sí mi létí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Teodor nígbà tó dé. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí etí ife. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí nílé wa, ìyá mi bi í bóyá ẹyin méjì á tó o. Ó tẹrí ba sórí tábìlì bí ẹni tí ìtìjú ń pa, ó ní, "Màmá, àlejò ni mí, ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ ó jẹ́ mẹ́fà péré." Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá kò fara sin. Lóṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí họ́kì ń bọ́ máa ń yan àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tó. Ẹni tí wọ́n bá yàn ti bọ́. Ẹni tí wọn kò bá yàn, kò ju ihò ìwakùsà lọ, níbi tí ẹ̀yìn bàbá Teodor ti kán. Àwọn ọkùnrin tí ẹgbẹ́ ńlá ń rán káàkiri láti wo ọmọ, tí àwa ń pè ní aṣàyàn, kì í yà sí Dunmarrow púpọ̀. Bí wọ́n bá yà, ohun kan ni wọ́n ń wá lára ọmọ tó ń gbá iwájú: ṣé ó lè fi rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ yẹn sínú àwọ̀n?

Nínú yàrá ìmúra ẹgbẹ́ wa, ibi ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí láti ọdún méjìlá. Nọ́mbà mẹ́rìnlélógún ló wà lókè rẹ̀. Garth Lindquist ló ni ín. Nínú yàrá yẹn, wọ́n máa ń gé orúkọ bàbá ẹni kù kó lè yá lẹ́nu, nítorí náà Lindquist di Quist, gbogbo ìlú sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ nígbà tó gun alùpùpù orí yìnyín kọjá lórí adágún ẹ̀yìn ìlú, tí yìnyín là lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ooru dé ni adágún tó dá a padà.

Quist kì í gbá góòlù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá góòlù dúró. Bí alátakò bá ti kó àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù sórí yìnyín, Kóòṣì Reg Amundrud á rán Quist lọ síwájú àwọ̀n tiwa, á kúnlẹ̀, á fi egungun ìhà gba rọ́bà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Lẹ́yìn tó kú, ìfẹ́ náà kò mọ ibi tó máa lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ àṣà kan: kí wọ́n tó jáde sórí yìnyín, olúkúlùkù á na ọwọ́ kan pákó ibi ìjókòó yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Pákó náà ti ń dán.

Níbẹ̀ ni Kóòṣì gbé ẹrù Teodor sí.

Ẹ má rò pé ìkà ni. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni Amundrud, kì í pariwo mọ́ ọmọ. Ó pe Teodor sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún un pé òun ti ń wo àwọn ọmọ láti ọdún gbọọrọ wá, pé ọ̀kan ṣoṣo lòun tíì rí tó ń mọ ibi tí rọ́bà ń lọ kí rọ́bà fúnra rẹ̀ tó mọ̀, pé Teodor nìkejì. Teodor padà wálé, orí rẹ̀ ń wú. Ìyìn ni wọ́n yìn ín. Ẹ fi èyí sọ́kàn: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò bú ọmọ yìí. Ìyìn ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde fún eré àkọ́kọ́, ọmọ tó ṣáájú na ọwọ́ sí pákó bí ìṣe wọn, ó rí i pé ènìyàn ló jókòó síbẹ̀. Ó dúró, ó ronú, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Teodor. Èyí tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Teodor ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fọwọ́ kàn mí bí ère ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku kí wọ́n tan àbẹ́là." Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọwọ́ wọn tutù, wọn kì í sì í wo ojú òun.

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún un lórí yìnyín kò ṣòro láti lóye, bí ènìyàn bá fẹ́ lóye rẹ̀. Nínú họ́kì, wọlé-jáde ni. Ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ lórí yìnyín. Kóòṣì ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé, àwọn tó máa bá a wọlé, àwọn tó máa kojú, àti ibi tí rọ́bà máa wà nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọ̀n tiwa, tí àwọn alátakò sì ti kó àwọn akọni wọn wọlé, Teodor nìyẹn. Àwọn méjì tí wọ́n ń rán pẹ̀lú rẹ̀, ìjà ni ọ̀kan mọ̀. Bí wọ́n bá ju rọ́bà sí èkejì, á dà bíi pé wọ́n ju ìyẹ̀fun sí i. Teodor á gba rọ́bà lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, á lé e jáde dé àárín, Kóòṣì á sì fi ìka pè é. Á jáde. Kolby Thiessen, ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, àti àwọn tirẹ̀ á wọlé, ara wọn á ti sinmi, wọn á gba rọ́bà náà ní ibi tó gbé e dé, wọn á lọ gbá a sínú àwọ̀n.

Ẹnì kan ló ń se, ẹlòmíràn ló ń jẹ. Nígbà Kérésì, àwòrán Thiessen ti wà lára ògiri ilé epo. Ọmọ dáadáa ni Thiessen, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi í sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti ń hàn, ọwọ́ rẹ̀ sì hàn.

Mo ń gbọ́ wọn lójú wíńdò. Delmer Froese, àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ilé ìwé pààlà, bi ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni ọmọ Osadchuk gbá góòlù tó ju àádọ́ta lọ ní ọdún tó kọjá.

"Bóyá aṣọ́lé ibẹ̀ fọ́jú ni," ni onítọ̀hún wí.

"Àbí àwọ̀n ibẹ̀ ló fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn abà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Froese na ife rẹ̀ kí n bu kọfí kún un, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa o. Quist ni. Quist gẹ́lẹ́."

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Osy ni wọ́n ń pè é nínú yàrá ìmúra, láti ara Osadchuk. Nígbà tó yá, wọ́n ní Quist Kékeré. Kí yìnyín tó bo orí òrùlé, "Kékeré" ti jábọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Dunmarrow, ibi ìjókòó ni wọ́n wò.

Ìyá Garth, Verna Lindquist, kò tíì fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn náà láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ó wá. Ó wọ aṣọ ìsìn, ó ra kọfí lọ́wọ́ mi.

"Wọ́n ní ó ti padà," ló wí.

Mo bi í pé, "Ta ni, Mà?"

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí kò yẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó lọ dúró lẹ́yìn gíláàsì, ní ẹ̀yìn àwọ̀n tiwa, níbi tí Garth ti máa ń ṣiṣẹ́. Nígbàkigbà tí Teodor bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì. Bí wọ́n bá pe Teodor jáde, á sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo eré, kò wo ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn eré ó fún un ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí àwọn ará wọn ń fi ọ̀dùnkún ṣe, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó ti fi bọ́tà pa á, kò fi ṣúgà sí i. Bí Garth ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Teodor sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò jẹ́. Ó ní òun jẹ gbogbo rẹ̀ tán nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òun kì í jẹ nǹkan tí kò ládùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá mi ṣàkíyèsí pé kì í fi ṣúgà sí tíì mọ́.  Ìyá mi kan ń gbé agolo ṣúgà síwájú rẹ̀ láràárọ̀, Teodor sì ń sún un kúrò láìwò ó.

Ká ní wọ́n pè é ní àkúdàáyà ni, ìbá rọrùn. Ènìyàn lè sá fún àkúdàáyà. Ta ni yóò sá fún ọmọ tí ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún?

Ní oṣù Kìíní, ìyá tó bí i wá wò ó. Halyna Osadchuk wa ọkọ̀ láàárín ìjì yìnyín láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó gbé àkàrà òyìnbó dúdú oníkóró dání. Òtútù ọjọ́ náà mú débi pé wọ́n fi okùn iná so imú gbogbo ọkọ̀ mọ́ òpó níta bí ẹran, kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì. Mo ní kí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró sí búkà, mo lọ jókòó tì í.

Ó ń wá ọmọ rẹ̀ lórí yìnyín. Iwájú ló ń wò, ní ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n àwọn alátakò, níbi tó ti ń bá a láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ kékeré. Mo fi ìka hàn án pé ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí, lẹ́nu àwọ̀n tiwa, nọ́mbà mẹ́rìnlélógún.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Kì í ṣe èyí."

Mo ní òun ni.

"Teodor kì í tẹ ẹ̀yìn báyìí. Èyí dàgbà jù ú lọ."

Ní àkókò náà gan-an ni rọ́bà fò wá, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kúnlẹ̀, rọ́bà náà bá a ní ìhà, a gbọ́ ìró rẹ̀ dé òkè. Gbogbo àwọn tó yí wa ká dìde, wọ́n ń pe Quist, Quist. Halyna bi mí ta ni Quist. Mo sọ fún un pé ọmọ kan tó kú ni. 

Lẹ́yìn eré, ó dúró ní ọ̀nà tóóró tí àwọn ọmọ ń gbà jáde. Teodor jáde, irun rẹ̀ tutù, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Halyna na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń bọ àlejò lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà ó fà á mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń fi èdè wọn pè é ní ọmọ òun. Ṣùgbọ́n Teodor ti rí ọwọ́ náà.

Nílé, ó jẹun tán kó tó sọ ọ́. "Màmá mi ò dá mi mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Mo sọ fún un pé àárẹ̀ ọ̀nà jíjìn ni.

Ó ní, "Ẹ má purọ́ fún mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n pa. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, mo ń gbọ́ ìró rọ́bà tó ń lu pákó nínú gáréèjì wa. Mo wọlé láti pè é wá jẹun. Ọlọ́wọ́ òsì ni Teodor. Láti ọmọdé ló ti ń fi òsì gbá. Ọ̀pá họ́kì kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, ojú ibi tó tẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pá ọ̀tún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbá rọ́bà, ó ń bá ibi tó fẹ́ bá, bó ṣe ń gbé èjìká kì í ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mo bi í ibi tó ti rí ọ̀pá náà. Ó ní ẹ̀yìn pákó ibi ìjókòó Garth lòun ti bá a.

Mo ní, "Ṣebí òsì lo fi ń gbá."

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ohùn rẹ̀ kò le. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́ lábẹ́ ìlẹ̀kùn gáréèjì. Ohunkóhun tí mo bá fi dá a lóhùn, á dà bí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Kóòṣì. Ó ń wo àwọn ọmọ tó ń gbára dì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi ìdábùú. Mi ò fepo bọyọ̀. Mo ní àwọn aṣàyàn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé fún eré kan péré, kó rán Teodor wọlé ní iwájú, pẹ̀lú Thiessen, kí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọ̀n àwọn ẹlòmíràn, kó wò ó.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọ kan wà tí góòlù kò sí lára wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ fi í sí ibi tí kò ti lè gbá a, Kóòṣì. Lẹ́yìn náà lẹ ní kò gbá a."

"Mo fi í síbẹ̀ nítorí pé òun ló dára jù níbẹ̀."

"Ẹ ò tíì gbé e síbòmíì rí. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wò mí bí bàbá. "Òpó tó gbé ilé ró, ṣé wọ́n máa ń yọ ọ́ láti wò ó bóyá ó lè ṣe fèrèsé?"

Èsì náà dùn. Bí ìlú ṣe máa ń gbé ọmọ sin nìyẹn, pẹ̀lú èsì tó dùn. Bí Teodor bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, á dúró níbẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá ṣe é dáadáa, á dúró níbẹ̀ nítorí pé kò yẹ fún ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi Kóòṣì bóyá ó rí i pé kò sí ọ̀nà àbájáde kankan nínú ohun tó sọ. Ó ní kí n kí ìyá mi.

Báyìí la ṣe dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta. Àwọn aṣàyàn mẹ́ta wá, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ búkà mi, wọ́n ń mu kọfí. Góòlù méjì-méjì ni, eré ti fẹ́ parí, nígbà tí ọ̀pá ẹnì kan bá Thiessen ní ọrùn ọwọ́. A rí i tó ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Wọ́n mú un jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ eré tó kàn wà lẹ́nu àwọ̀n àwọn alátakò. Kóòṣì wo apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, ó wo apá òsì. Àwọn tó kù ti rẹ̀, wọ́n ń mí bí ajá. Ó fọwọ́ lu ẹ̀yìn Teodor.

Teodor dìde. Ọ̀pá tirẹ̀ ti kán ní ìgbà tó wọlé kẹ́yìn. Ọ̀pá Thiessen ló wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá òsì. Ó gbé e. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó rí nǹkan tó ti sọ nù, ó sì fò sórí yìnyín.

Mo máa sọ góòlù náà bí mo ṣe rí i. Wọ́n ju rọ́bà sílẹ̀, ó yọ sẹ́yìn, ó kan ọ̀pá rẹ̀. Ẹnì kan wà níwájú rẹ̀. Teodor ṣe bí ẹni fẹ́ gba ọ̀tún, onítọ̀hún tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n Teodor kò lọ. Aṣọ́lé ti wólẹ̀ kí rọ́bà tó kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Ó gbé e sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sí igun àwọ̀n, bí ẹni gbé ife sórí àjà. Ẹ̀yin tó mọ họ́kì, ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣèyẹn ní èèṣì.

Gbogbo ènìyàn pariwo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún. Elmer Stang ló ń kéde, arúgbó tó ti ń kéde láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ó ní:

"Góòlù Dunmarrow. Nọ́mbà mẹ́rìnlélógún. Garth Lindquist."

Ariwo náà kú.  Ohun tí à ń gbọ́ kò ju ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín dì lábẹ́ ilẹ̀ lọ, ó ń kùn bí ẹni tí ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí Stang tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Froese ṣí fìlà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ilé, wọ́n ń sunkún. Verna Lindquist nìkan ni kò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ń wo Teodor. Mo rò pé á yíjú sí àpótí akéde, á mi orí, á ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ọ̀pá sókè. Ó dáhùn.

Mo yíjú sí àwọn aṣàyàn, nítorí pé àlejò ni wọ́n, wọn kò mọ Garth rí. Mo rò pé ojú tiwọn á mọ́.

Ọ̀kan ní, "Ta nìyẹn?"

Èkejì wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó ń fi ìhà gba rọ́bà yẹn ni."

"Ọwọ́ wà lára ẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo ti wò ó ní ìgbà Kérésì. Orí ló bá a ṣe é."

Ẹ̀kẹta ti ń béèrè ọ̀dùnkún dídín lọ́wọ́ mi.

Wọ́n rí i. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ojú wọn wà lórí yìnyín, wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ ti jókòó sí ibi tó yẹ kí góòlù náà jókòó sí.

Bí góòlù náà ṣe wọlé, a ti fi ẹyọ kan lé wọn. Ẹyọ kan gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́. Kóòṣì fi ìka pe Teodor, ó fún un ní ọ̀pá mìíràn, ó ní kó padà sẹ́nu àwọ̀n tiwa. Ó lo ìyókù eré náà lórí orúnkún. A borí. Àwọn ọmọ gbé e lé èjìká, wọ́n ń pe Quist.

Lóṣù Kẹfà, ìyá mi se pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sí nínú, Halyna wá, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n yàn. Wọ́n pe Thiessen, pẹ̀lú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọmọ tí Teodor ti gba rọ́bà lẹ́sẹ̀ wọn láti oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n pè títí wọ́n fi tán. Teodor jókòó jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́, bí ẹni ń gbọ́ orúkọ ìdílé mìíràn. Halyna di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, Teodor dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi fún oúnjẹ.

Ó gba iṣẹ́ ní ihò ìwakùsà. Kò padà sí oko wọn, kò sì dúró lọ́dọ̀ wa. Ilé Verna Lindquist ló kó lọ, yàrá tó wà lókè, tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí adágún. Aṣọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ bá a mu. Ìlú ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé obìnrin náà ti rí ẹni bá a gbé. Nípa họ́kì, wọ́n ní ọmọ gidi ni, ó fi ọkàn ṣe é, kò kàn lọ́wọ́ ni. Kóòṣì náà sọ bẹ́ẹ̀, omi sì lé sí i lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo rí ọmọ náà níwájú ilé epo ní ìgbà ìkórè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, ó ń rọ epo sínú ọkọ̀ Verna pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Mo pe Teodor. Kò yíjú. Mo tún un pè, mo pariwo rẹ̀, obìnrin kan yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù. Kò yíjú. Mo mọ orúkọ tí mo lè pè kó yíjú. Mi ò pè é. Mo wọ inú ọkọ̀ mi, mo lọ.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ, nílé, níbi iṣẹ́, nínú kíláàsì, nínú ẹgbẹ́, tí o ti pinnu ohun tí kò lè ṣe. Má sọ ohun tí kò lè ṣe fún mi. Sọ ibi tí o fi í sí, àwọn tí o ní kó bá ṣe é, àti iye ìgbà tí o gbé e síbòmíràn wò. Bí o kò bá ní ìdáhùn, dìde nísinsìnyí, lọ gbé e kúrò níbẹ̀.